Bí Ṣọ́ọ̀bù Kan Ṣe Di Ẹgbẹ̀rún: Ẹ̀kọ́ Lára Sam Walton fún Àwọn Oníṣòwò Ọ̀rẹ̀ àti Odigbó

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gba ọ̀nà Èkó sí Benin kọjá yóò mọ Ọ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀nà Oǹdó sí Òkìtìpupa ti pàdé ọ̀nà márosẹ̀. Ọkọ̀ ń dúró, èrò ń sọ̀ kalẹ̀, ọjà ń tà. Síbẹ̀, nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́bàá ọ̀nà yẹn, mélòó ni ọmọ yóò jogún tí kò ní kú? Bí onílé kò bá gbà á, àwọn ọmọ á tú u ká lẹ́yìn ikú bàbá.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa Sam Walton, ará Amẹ́ríkà tó dá Walmart sílẹ̀. Kì í ṣe Mùsùlùmí, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó ṣe ni a ó ní kí ẹ kọ́. Ṣùgbọ́n ìlú kéékèèké bíi tiwa ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé àdéhùn tó lé e jáde

Ọdún 1918 ni wọ́n bí i. Ní 1945, lẹ́yìn tó kúrò nínú iṣẹ́ ológun, ó ra ṣọ́ọ̀bù kan ní Newport, ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Dọ́là 25,000 ló ná an: 5,000 jẹ́ tirẹ̀, bàbá ìyàwó rẹ̀ yá a ní 20,000. Láàárín ọdún 5, ọjà tó ń tà lọ́dún gòkè láti dọ́là 72,000 sí 250,000.

Nígbà tí onílé rí i pé ibẹ̀ ń pa owó, ó fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ wá máa jókòó síbẹ̀. Walton yẹ ìwé àdéhùn wò, kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó lè tún owó ilé san bí ọdún bá pé. Ó ta ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì kó kúrò nílùú. Nígbà tó dé Bentonville ní 1950, ó rí i dájú pé ọdún 99 ni wọ́n kọ sínú àdéhùn.

Àwa tí a ní Àlùkùránì kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ èyí. Āyah tó gùn jù nínú rẹ̀, āyah 282 nínú Sūratul-Baqarah, orí kíkọ gbèsè sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí ló dá lé. Ẹni tó bá gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, tó ní àwọn ti mọ ara àwọn, bí ẹ̀gbọ́n bá kú lọ́la ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ mọ ohun tí ẹ jọ sọ? Ẹ kọ ọ́: ọdún mélòó, eélòó, oṣù mélòó ni wọn yóò fi kìlọ̀ kí ẹ tó kó jáde.

Èrè kékeré, ọjà púpọ̀

Ó ń ra àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin ní dọ́là 2.50 fún dọ́sìnnì kan. Ó wá rí ẹni tó ń tà á ní dọ́là 2 ní New York. Ẹlòmíràn ì bá fi ìyàtọ̀ yẹn sápò. Dípò 3 ní dọ́là 1 tó ń tà tẹ́lẹ̀, Walton sọ ọ́ di 4 ní dọ́là 1.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Èrè orí dọ́sìnnì kan já láti dọ́là 1.50 sí dọ́là 1. Ẹni tó bá ta dọ́sìnnì 10 lówó àtijọ́ yóò jèrè dọ́là 15. Bó bá ta 30 lówó tuntun, dọ́là 30 ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ iye tí ọjà ná òun, owó ọkọ̀ àti owó ilé níbẹ̀, tó kàn ń dín owó, owó orí ara rẹ̀ ló ń jẹ.

Ilé ìkẹ́rùsí kan, ìlú púpọ̀

Ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1962 ló ṣí Walmart àkọ́kọ́ ní ìlú Rogers. Ọmọ ọdún 44 ni nígbà náà, ìkejì kò sì dé títí di 1964. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ńlá gbà pé kò sí èrè ní ìlú kéékèèké. Ibẹ̀ gan-an ló lọ. Ó kọ́ ilé ìkẹ́rùsí, ó sì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù síbi tí ọkọ̀ ẹrù lè dé láti ibẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Nígbà tó fi kú ní 1992, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti ju 1,700 lọ.

Ẹ fi wé tiwa. Ẹni tó bá ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ọ̀rẹ̀ lè máa gbé ọjà lọ sí Odigbó, Aràròmí-Obù àti Agbábù, dípò kí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan máa dá lọ sí Èkó.

Ibi tí ọ̀nà wa ti yà nìyí: Walton yá owó báǹkì, a kò sì gbọdọ̀ jẹ ribà. Ṣùgbọ́n múdáràbà wà: ẹnìkan mú owó wá, ẹnìkejì mú iṣẹ́ wá, wọ́n pín èrè bí wọ́n ṣe ṣe àdéhùn. Bí àdánù bá dé láìjẹ́ àìbìkítà òṣìṣẹ́, olówó ló ni ín. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ló ti ilẹ̀kùn nítorí Walmart, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti ráhùn lórí owó oṣù. Ẹ má kọ́ ìyẹn.

Ta ni yóò ni ín lẹ́yìn wa?

Ní 1953, nígbà tí ọrọ̀ rẹ̀ ṣì kéré, Walton sọ ohun tó ní di ti ẹbí: ọmọ 4 ní ìdá 20 nínú 100 lọ́kọ̀ọ̀kan, òun àti ìyàwó rẹ̀ ní 20 tó kù. Nítorí náà, ikú rẹ̀ kò fọ́ ọjà náà.

Lọ́dọ̀ tiwa, bàbá lè ta ọmọ lọ́rẹ nígbà ayé rẹ̀, bó bá ti ṣe déédéé láàárín wọn. Ohun tó bá kù lọ́jọ́ ikú, òfin ogún Ọlọ́hun ni yóò pín in. Ṣùgbọ́n pípín ogún kò sọ pé kí a tú ọjà orí káńtà ká. Àwọn ajogún lè mọ ìpín wọn nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, kí wọ́n yan ẹni tó mọ iṣẹ́ jù láti máa darí rẹ̀, kí wọ́n sì máa pín èrè bí ìpín wọn ṣe rí.

Èyí kò lè ṣẹlẹ̀ bí owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọbẹ̀ bá wà nínú àpò kan. Sàká gan-an yóò ṣòro láti ṣírò. Ẹ ra ìwé kan lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ máa kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, kí ẹ sì fi han ìyàwó àti ọmọ. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ọjà wa.