Awakọ̀ tí kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀

Àwọn àgbà ní, ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ òwe yìí. Síbẹ̀, awakọ̀ kan wà ní ilẹ̀ Faransé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ òwe náà di irọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 1952, ó dá ọkọ̀ eré ìje wà ní ọ̀sán, ní òru àti ní òwúrọ̀, fún nǹkan bí wákàtí 23, láì fi ọkọ̀ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Òun ló wà níwájú gbogbo ènìyàn. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló kù fún un láti borí.

Pierre Levegh ni orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Orúkọ tirẹ̀ gan-an ni Pierre Bouillin. Ìbátan rẹ̀ kan ti fi orúkọ Levegh sá eré ọkọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Pierre gba orúkọ náà, ó sì ń lépa láti sọ ọ́ di ńlá.

Irú ìdíje wo ni?

Le Mans jẹ́ ìlú kan ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Automobile Club de l'Ouest. Láti ọdún 1923 ni ẹgbẹ́ yìí ti ń ṣe ètò ìdíje tí a ń pè ní Wákàtí 24 ti Le Mans.

Ìdíje yìí kò rí bí àwọn eré ìje yòókù. Kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ dé òpin ọ̀nà ni ó ń borí, nítorí ọ̀nà náà kò ní òpin: ó ń yí ká ni. Ní ìgbà náà, ìyípo kan gùn tó kìlómítà 13 àti ààbọ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà tí àwọn ará ìlú ń gbà lọ sí iṣẹ́ àti sí oko ní ọjọ́ mìíràn. Àwọn ọkọ̀ á gbéra ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Wọn kò ní dúró, àfi láti gba epo tàbí láti ṣe àtúnṣe, títí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọkọ̀ tó bá rin ọ̀nà tó jìn jù lọ láàárín wákàtí 24 ni ó borí.

Nítorí pé ara ènìyàn kì í ṣe irin, awakọ̀ méjì ni ó máa ń wà fún ọkọ̀ kan. Bí ọ̀kan bá ń wà á, èkejì á jẹun, á sùn díẹ̀, á sì gbára dì láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 1952, àwọn ọkọ̀ tò sí ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀nà. Àwọn awakọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí a ti ju àsíá sílẹ̀, wọ́n sáré kọjá títì, oníkálùkù kó sínú ọkọ̀ tirẹ̀, wọ́n sì gbéra. Báyìí ni ìdíje Le Mans ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ láyé ìgbà náà.

Levegh jẹ́ ẹni ọdún 46. Ọkọ̀ Talbot ló ń wà, èyí tí àwọn ará Faransé ṣe, ó sì ti ná owó ara rẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹnì kejì rẹ̀ ni René Marchand. Wọn kì í ṣe àjèjì sí ara wọn: ní ọdún 1951, àwọn méjèèjì jọ ṣe ipò kẹrin níbẹ̀.

Ọkọ̀ tó yá ju tirẹ̀ lọ pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ará Ítálì mú Ferrari wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú Jaguar wá, ọkọ̀ tó borí ní ọdún tó ṣáájú. Àwọn ará Jámánì sì padà dé pẹ̀lú Mercedes. Èyí wúwo lọ́kàn àwọn tó ń wòran. Ọdún 1945 ni ogun àgbáyé parí. Ọdún méje péré ni ó ti kọjá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì gbàgbé ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ilẹ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sáré tete kì í pẹ́ rẹ̀. Ooru mú ẹ́ńjìnnì àwọn Jaguar ju bó ti yẹ lọ, gbogbo wọn sì jáde kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa. Ferrari tí Alberto Ascari ń wà ló sáré jù ní ìbẹ̀rẹ̀, kò pẹ́ tí òun náà fi bàjẹ́. Lóru, ọkọ̀ Gordini kékeré kan ti ilẹ̀ Faransé gba iwájú. Jean Behra àti Robert Manzon ló ń wà á. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bíréèkì rẹ̀ ti kọṣẹ́. Báyìí ni iwájú di ti Levegh.

Ọjọ́ Àìkú

Nígbàkígbà tí Levegh bá yà láti gba epo, Marchand á ti múra tán. Levegh kò sọ̀kalẹ̀ fún un. Àwọn ènìyàn rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sinmi. Kò gbà. Epo nìkan ni ó ń gbà, á sì tún padà sójú ọ̀nà.

Kí ló fà á? Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé Levegh ti gbọ́ ohun kan tí kò dára nínú ẹ́ńjìnnì náà. Ó gbà pé òun nìkan ló mọ bí a ṣe lè tù ú lójú dé òpin. Bí Marchand bá gorí rẹ̀, yóò bà á jẹ́. Ohun mìíràn tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Ní ọdún 1950, Louis Rosier fi irú ọkọ̀ Talbot bẹ́ẹ̀ borí ní Le Mans. Ìyípo méjì péré ni ọmọ rẹ̀ bá a wà nínú gbogbo wákàtí 24 náà. Nítorí náà, ohun tí Levegh ń gbìyànjú kì í ṣe àlá lásán. Ẹlòmíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é lójú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, Levegh fi ìyípo mẹ́rin ṣáájú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìyípo kan ń gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí fi hàn pé ó ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ́wọ́. Marchand ì bá gba ọkọ̀ náà, kí ó rọra máa wà á, kí Levegh sì sùn díẹ̀. Wọn ì bá ṣì wà níwájú.

Lẹ́yìn rẹ̀, Mercedes méjì ń bọ̀ ní ipò kejì àti ìkẹta. Àwọn awakọ̀ wọn kò kánjú. Wọ́n ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ara wọn bí ètò ti wí, wọ́n sì ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì àti táyà wọn.

Nígbà tí agogo mẹ́ta ọ̀sán ń súnmọ́, ẹ́ńjìnnì Talbot náà fọ́. Ọkọ̀ tó ti yí láti àná dúró jẹ́ẹ́. Inú àwọn ará Faransé tó wá wòran bàjẹ́ gidigidi.

Mercedes tí Hermann Lang àti Fritz Riess jọ wà ló borí. Ìyípo 277 ni wọ́n ṣe, ó lé ní kìlómítà 3,700. Kí ènìyàn tó lè rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nílé wa, yóò wa ọkọ̀ láti Kútọnu dé Malanville ní nǹkan bí ìgbà márùn-ún. Mercedes kejì ló tẹ̀lé wọn.

Ta ló jẹ̀bi?

Láti ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn ti wà. Àwọn kan ní àárẹ̀ ló pa Levegh: ó ṣi jíà yí, ẹ́ńjìnnì sì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ní irin kan ti ń yẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì náà tipẹ́, ẹni yòówù kó wà á, yóò fọ́ ni.

Bí ọ̀rọ̀ àwọn ẹni kejì bá jẹ́ òtítọ́, Levegh kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ tó mọ iṣẹ́ ló mú ọkọ̀ aláìsàn náà dé ibi tó dé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́rìí sí i? Kò sí ẹni tó bá a jókòó sí ìdí ìdarí ọkọ̀ náà. Bí Marchand bá ti wà á fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ẹ́ńjìnnì sì fọ́, gbogbo ènìyàn ì bá sọ pé ọkọ̀ ló já wọn kulẹ̀. Nítorí pé Levegh dá a wà, òun nìkan ni wọ́n dá lẹ́bi. Ẹni tó bá dá ẹrù rù ni yóò dá ẹ̀bi rù.

Ìgboyà rẹ̀ kò ṣàìní ẹni tó rí i. Ní ọdún 1955, àwọn Mercedes tó jogún iṣẹ́gun rẹ̀ pè é kí ó wá bá wọn wa ọkọ̀ ní Le Mans. Ó lọ. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún náà, ọkọ̀ kan yà bọ́ síwájú rẹ̀ lójijì. Ọkọ̀ Levegh gun orí rẹ̀, ó fò lọ sí ibi tí àwọn èrò wà. Levegh kú, àwọn òǹwòran tó lé ní 80 sì kú pẹ̀lú rẹ̀. John Fitch, ará Amẹ́ríkà tó yẹ kó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì gorí rẹ̀ rárá. Ìwádìí tí ìjọba Faransé ṣe kò dá awakọ̀ kankan lẹ́bi. Wọ́n ní ojú ọ̀nà náà ti há jù fún ọkọ̀ tó yá tó bẹ́ẹ̀.

Lónìí, kò sí ẹni tó lè ṣe ohun tí Levegh ṣe mọ́. Awakọ̀ mẹ́ta ni ó ń wà fún ọkọ̀ kan ní Le Mans. Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni wa ọkọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ láàárín wákàtí mẹ́fà, tàbí ju wákàtí 14 lọ nínú gbogbo ìdíje náà.

Lójú ọ̀nà tiwa, kò sí ẹni tó ń fún awakọ̀ ní ife-ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n a mọ awakọ̀ tó ń ti Kútọnu gòkè lọ sí Parakou lóru, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n, tó sì ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Má ṣe ìyọnu, ó kù díẹ̀." Levegh náà, ó kù díẹ̀ fún un.