Hotspot ń jẹ dátà oníṣòwò: Bí fóònù ṣe ń ka iye tó lọ rèé

Láti oṣù kìíní ọdún 2025, tí àjọ NCC ti gba àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láyè láti fi owó tó ìdá 50 nínú 100 kún iye tí wọ́n ń gbà, oníṣòwò kékeré kò lè fojú kéré ọ̀rọ̀ dátà mọ́. Ní Òde-Ayé nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹni tó ń tẹ ìwé fún àwọn èèyàn tàbí tó ń ta epo pupa àti gàrí fún oníbàárà ọ̀nà jíjìn lè tan hotspot fóònù rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè rí íntánẹ́ẹ̀tì lò. Kó tó ṣẹ́jú pẹ́, dátà ti tán. Ta ló jẹ ẹ́?

Inú fóònù náà ni ìdáhùn wà. Orí Linux ni wọ́n kọ́ Android lé, apá ìsàlẹ̀ pátápátá nínú Linux ni wọ́n sì ń pè ní kernel. Ohun tó ń bọ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í wá lódindi. Wọ́n máa ń gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á di í ní ìdì kéékèèké, wọ́n á kọ àdírẹ́sì sára ìdì kọ̀ọ̀kan. Fóònù tó tan hotspot ní ẹnu-ọ̀nà méjì: ọ̀kan kọjú sí MTN, Glo tàbí Airtel, èkejì kọjú sí kọ̀ǹpútà.

Tẹ́lẹ̀, ìdì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọ inú kernel lọ jìnnà, bí ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ní kó yà sí ọ́fíìsì mẹ́ta kó tó gba ìlú kọjá. Ní ọdún 2014 ni eBPF wọ inú Linux, tó jẹ́ kí wọ́n lè so ètò kékeré kan mọ́ ẹnu-ọ̀nà gan-an. Kernel yóò kọ́kọ́ yẹ ètò náà wò, kó má lọ jẹ́ èyí tí yóò máa yí lójú kan títí láé tàbí tí yóò tọwọ́ bọ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Android 9, tó jáde ní 2018, fi eBPF ka dátà tí áàpù kọ̀ọ̀kan ń lò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n fi ti hotspot kún un.

Bí ìdì bá ti dé, ètò ẹnu-ọ̀nà yìí yóò wò ó bóyá àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà tó ń lọ bá wà lọ́wọ́ òun. Bó bá wà, yóò wo bóyá gbèdéke dátà ti pé, yóò fi ìwọ̀n ìdì náà kún iye, yóò sì jù ú sí ẹnu-ọ̀nà kejì. Èyí tí kò bá sí lákọsílẹ̀ ló ń gba ọ̀nà àtijọ́. Kì í ṣe gbogbo fóònù ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀rọ mìíràn ni àwọn kan ní fún iṣẹ́ náà.

Ibi tó ti kan àpò ni pé fóònù kò rí inú kọ̀ǹpútà. Ó mọ ohun tí WhatsApp orí ara rẹ̀ lò, ó mọ ti Facebook. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà bá fà, orúkọ hotspot nìkan ni yóò kọ ọ́ sí. Windows tó ń tún ara rẹ̀ ṣe lábẹ́lẹ̀ àti ọmọṣẹ́ tó jókòó ti fíìmù, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀.

Orí kọ̀ǹpútà ló yẹ kí ẹ ti wá olè náà. Nínú Settings Windows, níbi tí Wi-Fi wà, ẹ tan "Metered connection", púpọ̀ nínú àtúnṣe abẹ́lẹ̀ yẹn yóò dúró. Lórí fóònù, ẹ fi gbèdéke sí dátà, kí ó sì dín díẹ̀ sí iye tí ẹ rà, torí ìṣirò ilé-iṣẹ́ lè yàtọ̀ sí ti fóònù, tiwọn ni wọ́n sì fi ń yọ dátà. Bí gbèdéke bá pé, fóònù yóò pa dátà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá so ẹ̀rọ POS mọ́ hotspot kan náà, ti POS náà yóò dúró pẹ̀lú rẹ̀.