Ta Ni Ń Bá Wa Ṣọ́ Táyà Ọkọ̀ Ilé?

Ẹ̀yin ìyá ilé, ẹ̀yin abiyamọ tòótọ́, a kì í gbé ìkòkò ka iná kí a gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Bí a bá ra gáàsì ìdáná, a ó yẹ ọ̀pá rẹ̀ wò bóyá ó ń jò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ń kó àwọn ọmọ wa láti Sùúrùlérè tàbí Yábàá lọ sí Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ tàbí Ìlọrin nígbà ọdún, a kàn ń fọ̀ ọ́, a ń ra epo sí i, ó parí. Ẹlòmíràn a fi ẹsẹ̀ ta táyà lẹ́ẹ̀kan, a ní, "Ó le dáadáa." Ojú àti ẹsẹ̀ kò lè wọn atẹ́gùn. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ atẹ́gùn táyà wò lóṣù yìí, kí a mọ èyí tí ó yẹ fún ilé wa kí a tó náwó.

Bí táyà ṣe ń bẹ́

Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó a máa tẹ̀, a sì máa ná, bí ó ti ń yí. Títẹ̀ àti nínà yìí ni ó ń dá ooru sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹrù bá wúwo, tí eré pọ̀, tí oòrùn sì mú, rọ́bà lè ya kúrò lára wáyà inú táyà, kí ó sì bẹ́ lójijì. Ẹ wo Sienna tí ó gbé ènìyàn méje, àpò gààrì méjì àti iṣu lẹ́yìn. Láàárín Ojúẹlẹ́gba àti Ìdí-Òro, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kì í jẹ́ kí ọkọ̀ náà sáré, nítorí náà àléébù táyà lè fara pamọ́. Ìgbà tí ẹ bá kọjá Bẹ́jà, tí ẹ bọ́ sí òpópónà márosẹ̀, ni yóò tó fi ara hàn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2016, Mínísítà James Ocholi, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ kan kú lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá lẹ́yìn tí táyà ọkọ̀ wọn bẹ́. Ewu yìí kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà.

Iná kékeré iwájú awakọ̀

Ní ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ Firestone kó táyà mílíọ̀nù 6.5 padà ní Amẹ́ríkà, nítorí pé rọ́bà wọn ń ya lórí eré. Ènìyàn tí ó ju 200 lọ ni ó kú nínú ìjàm̀bá náà. Ìjọba wọn ṣe òfin lọ́dún náà gan-an, nígbà tí ó sì di oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun ní láti ní ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ táyà. Bí atẹ́gùn bá dín ní ìdá 25 nínú 100, iná gbọ́dọ̀ tàn. Táyà tí ó yẹ kí ó gba 35 yóò ti di nǹkan bí 26 kí iná náà tó kìlọ̀.

Nítorí náà, bí Tòkunbọ̀ yín bá ti Amẹ́ríkà wá, tí wọ́n sì ṣe é láti 2008 síwájú, ẹ̀rọ yìí wà nínú rẹ̀. Àmì rẹ̀ dà bí bàtà ẹṣin tí ó ní àmì ìyanu láàárín. Bí ó bá tàn tí kò ṣẹ́jú, atẹ́gùn ti dín. Bí ó bá ń ṣẹ́jú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan nígbà tí ẹ tan ọkọ̀, kí ó tó dúró, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣàìsàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí rìwáyà bá yín pa iná náà.

Oríṣi mẹ́ta

Ti àkọ́kọ́ kò sí nínú táyà rárá. Ó ń ka bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń yí, ó sì ń fi wọ́n wéra. Kò ní bátìrì tí yóò kú nínú táyà, ṣùgbọ́n bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó lè má mọ̀.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì wà nínú táyà, ní ìdí fáàfù. Ó ń wọn atẹ́gùn gan-an, olè kò sì rí i. Àléébù rẹ̀ ni pé bátìrì rẹ̀ kì í sábà ju ọdún 5 sí 10 lọ, a kì í sì í sábà lè pààrọ̀ bátìrì náà nìkan. Irin fọkanáísà sì lè fọ́ ọ nígbà tí ó bá ń tú táyà.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ìdérí tí a ń yí mọ́ orí fáàfù lóde, pẹ̀lú ojú kékeré tí a gbé síwájú awakọ̀. Bátìrì rẹ̀ ṣeé pààrọ̀ nílé, ẹ ó sì rí iye atẹ́gùn táyà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n olè lè yọ ọ́, ẹ ó sì máa tú u kí ẹ tó lè fẹ́ atẹ́gùn sí táyà.

Èwo ni kí a rà?

Nínú ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé, ìbéèrè kan náà ni a ń bi ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ ìfọṣọ: ta ni yóò lò ó, ta ni yóò tún un ṣe, èló ni yóò sì máa ná wa lẹ́yìn tí a bá rà á tán? Bí a bá fi èyí wọ̀n ọ́n, oríṣi kẹta ni ó bá ọ̀pọ̀ ilé wa mu, pàápàá bí ti inú táyà bá ti kú. Bí ti inú bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ pààrọ̀ ọ̀kan nínú wọn, ẹ rántí pé ọkọ̀ Amẹ́ríkà sábà máa ń lo ìgbì 315, ti Yúróòpù sì ń lo 433. Wọn kì í gbọ́ èdè ara wọn.

Kí ẹ tó sanwó, ní Ládìípọ̀ tàbí níbikíbi, ẹ bèèrè nǹkan wọ̀nyí:

1. Ṣé ó ń fi iye atẹ́gùn hàn, tàbí iná lásán ni?
2. Ṣé irú bátìrì rẹ̀ wà lọ́jà?
3. Ṣé ó ní ìdè tí olè kò fi ní lè yọ ọ́ kíákíá?
4. Ṣé fáàfù onírin ni táyà wa ní? Ìdérí tí ó wúwo lè mú kí fáàfù onírọ́bà sán.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-ìwé tí ẹ sì ń fi Coaster kó ọmọ, ẹ ka táyà yín. Bí táyà ẹ̀yìn bá jẹ́ méjì-méjì, ẹ̀rọ mẹ́fà ni ẹ nílò, irú èyí tí ó lè wọn atẹ́gùn tí ó ga ju ti ọkọ̀ kékeré. Ọkọ̀ gígùn tún lè nílò ẹ̀rọ agbàròyìn láàárín, kí ìròyìn táyà ẹ̀yìn lè dé iwájú. Àwọn òyìnbó tí ń gbé inú ọkọ̀ onílé kiri náà ń lò ó.

Ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe

Ẹ̀rọ kankan kò lè sọ táyà ogbó di ọmọdé. Michelin ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Pọ́tà-Kọ́ọ̀tù pa ní 2007, Dunlop ní Ìkẹjà sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni a gbára lé, òmíràn a sì ti pẹ́ nínú oòrùn kí a tó rà á. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn lára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Àjọ FRSC máa ń kìlọ̀ nípa táyà tí ó ti kọjá ọdún 4.

Ẹ ra géèjì kékeré tí a ń fi ọwọ́ mú, ì báà jẹ́ pé ẹ ti ní ẹ̀rọ. Ẹ fi wọn táyà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó jáde, àti ṣípíà pẹ̀lú. Iye tí ó tọ̀nà wà lára ìwé tí a lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Èyí tí a kọ sí ara táyà ni òpin ohun tí táyà náà lè gbà. Bí ọkọ̀ bá ti rìn, ooru a fi nǹkan bí 4 tàbí 5 kún un, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u dànù.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà, ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, fáàfù yìí ní ẹ̀rọ nídìí, ẹ má ti irin bọ ibẹ̀." Yóò gbọ́, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kí ẹ tó kó àwọn ọmọ sọ́kọ̀ ní ọdún tí ń bọ̀, ẹ wọn táyà ná. Kò gbà yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.