Àrokò inú fóònù àti ìwúwo rẹ̀

Lásìkò kajú ní Sanson, ní agbègbè Tchaourou, owó a máa gba inú fóònù dé ọwọ́ àgbẹ̀. Ta ni ó ń ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà?

Àwọn baba wa a máa fi àrokò ránṣẹ́, kí ẹni tí ó gbé e má baà mọ ohun tí ó ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù ń ṣe. Ṣùgbọ́n ní 2G, láàárín fóònù àti òpó nìkan ni àrokò náà mọ. A5/1, tí ó jẹ́ àrokò 2G, kò sì lágbára mọ́: ní oṣù kejìlá ọdún 2009, Karsten Nohl, ọmọ Jámánì, fi hàn ní Berlin bí a ṣe lè tú u.

Èé ṣe tí ilé-iṣẹ́ kò fi di ọ̀rọ̀ láti òpó lọ títí dé ibùdó wọn? Àrokò wúwo ni. Ẹ̀kúnwọ́ ohùn kan lè má ju báìtì 32 lọ. IPsec yóò fi ohun tí ó lé ní 50 kún un. Ìdì tóbi ju ẹrù lọ! Nísinsìnyí tí kọ̀ǹpútà lásán ń gba iṣẹ́ àwọn ẹ̀rọ àkànṣe, kọ̀ǹpútà kan náà ni yóò di ẹrù, tí yóò sì gbé e. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ní ẹ̀yà tí a dìídì ṣe fún àrokò, nítorí náà àwáwí ìwúwo ti ń rọ̀. Lójú tèmi, kí fídíò falẹ̀ díẹ̀ sàn ju kí kóòdù owó àgbẹ̀ hàn síta.

Láti Android 12, àwọn fóònù kan gbà kí a pa 2G. Níbi tí 2G nìkan bá dé, ẹni tí ó bá pa á kò ní rí ẹnikẹ́ni pè, àfi ìpè pàjáwìrì.