Ìpín Oúnjẹ Lára Igi Kòkó: Àwọn Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Kí A Lò

Bí àgbẹ̀ kòkó ní agbègbè Olódò bá wo ara igi rẹ̀ lẹ́yìn ìtànná, yóò rí ọ̀pọ̀ ọmọ èso wẹ́wẹ́ tó so mọ́ ìtì igi àti ẹ̀ka. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, púpọ̀ nínú wọn yóò ti pọ́n rúsúrúsú, wọn yóò dúdú, wọn yóò sì gbẹ síbẹ̀ láìjábọ́. Àwọn mìíràn a máa pè é ní àrùn, wọn a sì náwó sí oògùn fífín. Lọ́pọ̀ ìgbà, oògùn kò kan ọ̀rọ̀ náà rárá; oúnjẹ ni kò kárí. Báwo ni olùkọ́ yóò ṣe ṣàlàyé èyí ní èdè Yorùbá tí kò ní ṣi ọmọ lọ́nà?

Ewé ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ kábọ̀n ṣe ṣúgà. Inú èèpo igi ni ṣúgà yìí ń gbà kọjá. Àgbẹ̀ mọ èyí láìkàwé: bí ó bá bó èèpo igi ńlá yíká, ewé lè tutù fún ìgbà díẹ̀, nítorí omi ṣì ń gba àárín igi gòkè, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kò rí oúnjẹ mọ́, igi a sì kú. Nítorí náà, mo dábàá iṣan oúnjẹ fún ọ̀nà ti inú èèpo, àti iṣan omi fún ti inú igi gan-an.

Ní 1930, Ernst Münch, ará Jámánì, ṣàlàyé pé ibi tí ṣúgà ti pọ̀ a máa fa omi mọ́ra, omi náà a sì ti ṣúgà lọ síbi tí a ti ń lò ó tàbí tí a ti ń kó o pamọ́. Source ni Gẹ̀ẹ́sì pe ibi àkọ́kọ́, ó pe èkejì ní sink. Apèsè tó fún ti àkọ́kọ́. Fún èkejì, mo yan agboúnjẹ, bí agbowó. Kí òǹkọ̀wé ṣọ́ àmì ohùn o: agbóúnjẹ ni ẹni tó gbé oúnjẹ, ohùn kan ṣoṣo ló sì yà wọ́n. Ewé titun pàápàá, agboúnjẹ ni títí yóò fi gbó, tí yóò wá di apèsè. Ipò ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń sọ, wọn kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà ara igi.

Ibi tó le jù ni allocation. Ẹnu a máa yá wa láti sọ pé igi ń pín oúnjẹ fún èso. Ṣùgbọ́n nínú èdè wa, ẹni tó ń pín nǹkan ní ojú àti ìdájọ́. Bí a bá pín ogún ní ìdí-igi, ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan ni a fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, iye ọmọ ni. Àgbà kan ló jókòó ti méjèèjì. Kò sí àgbà kankan nínú igi kòkó. Èso tó ti tóbi àti ewé tó ń rú ń tètè lo ṣúgà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣúgà mìíràn sì ń ṣàn wá rọ́pò rẹ̀; ìwọ̀nba ló ń ṣẹ́ kù fún ọmọ èso. Èyí tó bá lé ní bí 100 ọjọ́ sábà máa ń bọ́ nínú ewu náà.

Mo gbà pé kí a lo ìpín fún ohun tó kan ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, kí a sì lo ìṣàn fún bí ó ṣe ń dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má fi igi ṣe olùwà fún pín. Agbára ìgbà ni kí a pe ohun tó mú kí ìṣàn pọ̀ sí ọ̀dọ̀ agboúnjẹ kan ju òmíràn lọ. Àwọn kan lè fẹ́ agbára ìfà, àmọ́ èso kì í fa ṣúgà bí ọmọ ṣe ń fa ọmú. Lílò tó ń lò ó ló ń ṣí àyè sílẹ̀.

Ní ti gbígbẹ náà, ìrọ ọmọ-èso ni mo pè é. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ àrùn kúrò nínú orúkọ rẹ̀, kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ àrùn èso dúdú, èyí tí oògùn fífín wà fún.