Adágún Mono àti Àwọn Tí Ń Ṣọ́ Ọ

Bí ẹ bá gbé omi ọbẹ̀ kaná tí ẹ kò bù kún un, ẹ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: omi yóò gbẹ, ṣùgbọ́n iyọ̀ kò ní bá a lọ. Bí ọ̀ràn Adágún Mono ti rí nìyẹn, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Odò ń ṣàn wọ inú rẹ̀ láti orí òkè, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ń ṣàn jáde; oòrùn nìkan ní ń fa omi rẹ̀. Ẹja kankan kò lè gbé inú iyọ̀ náà. Edé wẹ́wẹ́ àti eṣinṣin etí omi ni ó kún ibẹ̀, ẹyẹ tí kò níye sì ń wá jẹ wọ́n. Àwọn Kutzadika'a, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, a máa kó ọmọ eṣinṣin yìí jẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yínmú. Àwa náà ń jẹ ẹ̀súnsún.

Ní 1941, ìlú Los Angeles, tí ó ju 300 máìlì lọ sí ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí darí omi mẹ́rin nínú àwọn odò wọ̀nyí lọ sílé. Wọn kò jalè o. Ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn láti 1940. Àwọn aláṣẹ tí ó fún wọn sọ pé òfin kò fún àwọn ní agbára láti kọ̀, nítorí omi mímu ní ń ṣíwájú ohun gbogbo. Ojú adágún nígbà náà fi ẹsẹ̀ bàtà 6,417 ga ju ojú òkun lọ. Ní 1982 ó ti wálẹ̀ sí 6,372. Omi dín kù dé ìdajì, iyọ̀ di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí omi fi sílẹ̀ sì di eruku funfun tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri. Erékùṣù kan wà níbẹ̀ tí ẹyẹ ń yé sí. Ní 1979 ilẹ̀ gbígbẹ ti so ó mọ́ etí omi, àwọn ajáko rìn kọjá, àwọn ẹyẹ sì kọ ìtẹ́ wọn sílẹ̀.

Ní 1978, David Gaines àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀ dá Ìgbìmọ̀ Adágún Mono sílẹ̀. Ní 1979 àwọn àti ẹgbẹ́ Audubon gbé ọ̀ràn lọ sí kóòtù. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní California dá a ní 1983 pé ìjọba kàn ń tọ́jú adágún fún gbogbo ènìyàn ni. Ẹ rò ó bí ilẹ̀ ẹbí: olórí ẹbí lè fi àlejò sí i kí ó máa dáko, ṣùgbọ́n bí oko bá fẹ́ ba ilẹ̀ jẹ́, ẹbí lè tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Kóòtù kò sọ pé kí òùngbẹ pa ará ìlú. Ó ní kí a wọn méjèèjì.

Ní 1994 ni àwọn aláṣẹ omi wá ṣe òfin tí mo fẹ́ràn púpọ̀, nítorí ọmọ ilé ìwé lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin lọ́dọọdún, aṣojú ìlú àti ti Ìgbìmọ̀ a jọ lọ wo òpó ìwọ̀n. Bí omi kò bá tó 6,377, Los Angeles kò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan. Láti 6,377 títí kò fi tó 6,380, wọ́n lè gbé ìwọ̀n 4,500. Láti 6,380 títí kò fi tó 6,391, ìwọ̀n 16,000. Ìwọ̀n kan ni omi tí yóò bo éékà ilẹ̀ kan ní ẹsẹ̀ bàtà kan.

Níbo ni ìlú yóò ti rí omi dípò? Ìgbìmọ̀ kò fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìjọba nìkan. Wọ́n bá ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìhà ìlà-oòrùn Los Angeles ṣe pọ̀, wọ́n ń pín àga ìgbọ̀nsẹ̀ tí kì í jẹ omi púpọ̀ láti ilé dé ilé, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò sì rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n fẹ́ kí omi dé ni 6,392, wọ́n sì rò pé bí 20 ọdún ni yóò gbà. Ní 2024, lẹ́yìn 30 ọdún, ó ṣì kù ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. Ìgbìmọ̀ ní omi tí ìlú ń gbé ti pọ̀ jù fún adágún tí kò tíì kún. Ní 2023 àwọn aláṣẹ pe gbogbo ènìyàn jọ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.