Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Rí Ẹranko Láàyè

Bí ará Ìpetumodù bá ń lọ sí Èkó, ọjà, ìgbéyàwó tàbí ìpàdé ló sábà máa ń gbé e lọ. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá kó àwọn ọmọ lọ lásìkò ọlidé, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún igbó ẹranko tó wà ní Lẹkki, nítòsí òkun. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò mọ ẹran ìgbẹ́ ju èyí tó wà nínú ọbẹ̀ lọ.

Àjọ Nigerian Conservation Foundation ló dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1990. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ hékítà 78. Àbàtà pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà pákó ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà. Ọ̀bọ, ọ̀nì, awọ́nrínwọ́n àti oríṣiríṣi ẹyẹ ń gbé ibẹ̀. Afárá kan tó gùn ní mítà 401, tí wọ́n kọ́ ní 2015, gba àárín orí igi kọjá. Kí ẹni tí òòyì máa ń kọ́ má gùn ún.

Ẹ tètè dé kí oòrùn tó mú. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ kó má pariwo. Ẹ fi oúnjẹ pamọ́ sínú àpò, torí ọ̀bọ ibẹ̀ kò bẹ̀rù ènìyàn. Ẹ má sì fún wọn jẹ: ọ̀bọ tó bá ti mọ búrẹ́dì jẹ yóò máa já a gbà, ó sì lè bu ọmọ jẹ.

Ilé ti ń yí igbó yìí ká. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti rí ọ̀bọ tó gbé ọmọ rẹ̀ sáyà lórí igi, kò ní yá a lára láti sọ òkò lù ú.